Bí A Ṣe Ń Tọ́ Wáìnì Ojoojúmọ́ Wò Nílé, àti Bí A Ṣe Ń Yan Oúnjẹ Tó Bá A Mu

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń mu wáìnì ni kò tíì tọ́ ọ wò rí. Wọ́n á ṣí ìgò kan, wọ́n á dà á sínú ife, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á sì sọ pé ó dùn tàbí pé kò dùn, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Kì í ṣe pé ahọ́n wọn kú; ìgò kan ṣoṣo ni kò ní ohun tí a lè fi í wé. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko bàbá ẹni tó tó ti bàbá òun. Ìgbà tí ife méjì bá wà níwájú ẹni, tí a ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ni ẹnu tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé èyí kan ju ìyẹn lọ, pé ìyẹn wúwo ju èyí lọ. Orí àfiwé ni ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé, láti orí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ títí dé orí àwo oúnjẹ.

Ohun tí ẹ ó pèsè

Ẹ wá ife onígíláàsì méjì tó dọ́gba, tí kò ní àwọ̀, tí ikùn rẹ̀ gbòòrò tí ẹnu rẹ̀ sì há díẹ̀, nítorí ẹnu híhá náà ni kì í jẹ́ kí òórùn tètè fọ́n lọ. Àjọ ISO, tó ń ṣètò òdiwọ̀n fún gbogbo àgbáyé, gbé òdiwọ̀n ife ìtọ́wò kan jáde ní ọdún 1977, ife náà kò sì gbà ju nǹkan bíi mìlílítà 215 lọ. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àfi ife ńlá olówó gọbọi. Mìlílítà 50 ti tó fún ìtọ́wò kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgò mìlílítà 750 yóò kárí ènìyàn márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ gbé omi mímu, búrẹ́dì, bébà funfun àti ìwé pélébé kan sí tòsí, pẹ̀lú abọ́ tí ẹ ó máa tu wáìnì sí. Àwọn tó ń fi títọ́ wáìnì wò ṣiṣẹ́ ṣe máa ń tu ú, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ lẹ́yìn náà kò gbọdọ̀ gbé e mì, kí aláboyún sì yẹra fún un pátápátá.

Lẹ́yìn ife, ìgbóná àti ìtutù ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣìnà. Wáìnì pupa dára jù láàárín 15°C sí 18°C, wáìnì funfun láàárín 8°C sí 12°C, èyí tó ń hó gùdù sì fẹ́ kí ó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Fíríìjì máa ń tutù tó nǹkan bíi 4°C, nítorí náà ẹ gbé funfun jáde ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò, kí ẹ sì gbé pupa wọlé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí inú ilé bá gbóná. Èmi fúnra mi ti da odidi ìgò kan dànù rí, tí mo rò pé ó ti bàjẹ́, nítorí ńṣe ni ó ń jó mi lọ́fun, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti sípírítì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo ra irú rẹ̀ gan-an, mo fi sínú fíríìjì fún ìdajì wákàtí, ó sì ń ta sánsán bí èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ìgbà náà ni mo tó rántí pé ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni mo gbé ti àkọ́kọ́ sí fún odidi ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ kọ́ ẹnu ní ábídí

Kí ẹ tó ṣí ìgò kankan, ẹ to ife mẹ́rin sórí tábìlì. Ẹ da omi sí ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì fún ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ po ṣíbí ṣúgà méjì mọ́ omi inú èkejì. Ẹ̀kẹta ni tíì tí kò ní mílíìkì, tí ẹ ti ki báàgì méjì bọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Nínú ẹ̀kẹrin, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì po ṣúgà bíi ti èkejì mọ́ ọn. Ẹ tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má kánjú.

Omi ọsàn ni yóò kọ́ yín ní kíkan. Ẹ gbé e mì, ẹ tẹ orí ba díẹ̀, kí ẹ wo bí itọ́ ṣe ń sun lábẹ́ ahọ́n. Bí itọ́ náà bá ṣe pọ̀ tó ni kíkan ṣe pọ̀ tó, àmì yìí kì í sì í tètè tan ènìyàn nínú wáìnì, kódà nígbà tí ṣúgà bá bo kíkan mọ́lẹ̀. Tíì ni yóò kọ́ yín ní tánínì, èyí tí kì í ṣe adùn tí kì í sì í ṣe òórùn, bí kò ṣe ohun tí ẹnu ń fara kàn: erìgì á gbẹ, ahọ́n á rí hárahàra bí ẹ bá fi ra àjà ẹnu. Inú èèpo, kóró àti igi ṣùṣù èso àjàrà ni tánínì ti ń wá, ó sì máa ń dì mọ́ àwọn èròjà purotéènì tó ń jẹ́ kí itọ́ yọ̀, ìdí nìyí tí ẹnu fi ń gbẹ. Omi èso tí a fi ń ṣe wáìnì pupa máa ń bá èèpo rẹ̀ gbé pọ̀ nígbà tó ń di ọtí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ti funfun, wọ́n sábà máa ń fún omi náà kúrò lára èèpo ṣáájú. Nítorí náà ni tánínì ṣe pọ̀ nínú pupa, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú funfun.

Ife kẹrin ni mo fẹ́ràn jù. Ọsàn inú rẹ̀ kò dín kù rárá, síbẹ̀ ẹnu yóò ní kò kan tó ti àkọ́kọ́, yóò sì tún ní kò dùn tó ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ṣúgà wọn dọ́gba. Bí ẹ bá tẹ orí ba, itọ́ á ṣì máa sun bíi ti ìṣáájú. Báyìí gan-an ni ọ̀pọ̀ Riesling, wáìnì funfun tó ń wá láti àfonífojì Mosel ní Jámánì, ṣe rí: ṣúgà wà nínú rẹ̀, kíkan wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì di ara wọn mú débi pé ọtí náà ń tu ẹnu lára dípò kí ó sú ẹnu.

Ohun méjì tó kù kò gba àkókò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwúwo, ẹ fi mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ wé mílíìkì ọlọ́ràá. Agbára ọtí ni ooru tó ń kù ní ọ̀nà ọ̀fun lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e mì.

Ojú, imú, ẹnu

Ojú kò ní iṣẹ́ púpọ̀ níbí. Ẹ tẹ ife lé orí bébà funfun, ẹ wò ó bóyá ó mọ́, kí ẹ sì rántí pé wáìnì funfun máa ń ṣókùnkùn sí i bí ó bá ṣe ń dàgbà, nígbà tí pupa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fara jọ àwọ̀ bíríkì. Bí ẹ bá rí ohun bíi hóró ṣúgà ní ìsàlẹ̀ ìgò, ásíìdì àjàrà tó dì nítorí òtútù ni, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ má fọkàn tán ojú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ ní Bordeaux fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ iṣẹ́ wáìnì ní wáìnì funfun kan tí wọ́n ti pa láró pupa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún pupa júwe òórùn rẹ̀. Bí ìyẹn bá lè ṣẹlẹ̀ sí wọn, ẹ sọ fún ẹlòmíràn nínú ilé kí ó máa bá yín da wáìnì sínú ife nígbà mìíràn, kí ó sì fi aṣọ di ìgò náà.

Imú ló ni iṣẹ́ jù. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ òórùn wáìnì náà láìmì í rárá, lẹ́yìn náà kí ẹ di ẹsẹ̀ ife mú, kí ẹ yí i po lórí tábìlì títí wáìnì yóò fi gun ara ife, kí ẹ sì ki imú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ohun tó máa ń dẹ́rù ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé wọn kò mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè lò, wọ́n sì rò pé àfi kí wọ́n há ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá sórí. Ann Noble, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Davis, ya àwòrán bíríkítí kan ní àwọn ọdún 1980, tó to òórùn wáìnì láti orí ọ̀rọ̀ gbogbogbòò lọ sí orí ohun pàtó: èso ni àbí ewéko, bí ó bá jẹ́ èso, irú èso wo. Ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn. Ẹ to ohun ilé ìdáná síwájú: èèpo ọsàn, ápù tí ẹ là, ata dúdú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, bọ́tà, kòkó, ata rodo aláwọ̀ ewé tàbí tàtàṣé tí kò tíì pọ́n, fàníílà. Ẹ gbọ́ òórùn ọ̀kan, kí ẹ sì padà sínú ife.

Ẹ ó rí i pé kì í ṣe àròsọ ni àwọn òórùn wọ̀nyí. Èròjà kan tó ń jẹ́ rotundone, tó wà nínú ata dúdú, ni àwọn onímọ̀ rí nínú wáìnì pupa Syrah ní ọdún 2008, òun náà ló ń mú kí wáìnì yìí máa rùn bí ata dúdú. Òórùn bọ́tà inú ọ̀pọ̀ wáìnì funfun Chardonnay ń wá láti ara diacetyl, èyí tí àwọn kòkòrò àìrí máa ń dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ásíìdì líle inú wáìnì di èyí tó rọ̀. Fàníílà ń wá láti ara agbá onígi óákù, òórùn tàtàṣé tútù sì wọ́pọ̀ nínú Cabernet Sauvignon, tó jẹ́ pupa, àti Sauvignon Blanc, tó jẹ́ funfun.

Imú náà ni yóò sọ fún yín bí ìgò bá ti bàjẹ́. Páálí tó rẹ sínú omi tàbí yàrá tí ọ̀rinrin ti mú ni àmì TCA, èròjà kan tó ń ba òórùn wáìnì jẹ́, èyí tó sábà máa ń wá láti ara ìdérí kọ́ọ̀kì. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i ju kí ẹ dá ìgò náà padà lọ. Òórùn fínígà, tàbí ti ápù tó ti di ràkọ̀ràkọ̀, fi hàn pé afẹ́fẹ́ ti wọlé jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rùn bí ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ife fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sábà máa ń lọ.

Nígbà tó bá kan ẹnu, ẹ mu díẹ̀, ẹ yí i kiri gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé gba àárín ètè, kí ẹ dá a dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí ẹ tó tu ú. Ẹ wá ohun tí ẹ kọ́ nínú ife mẹ́rin: ṣé itọ́ ń sun, ṣé erìgì gbẹ, ṣé ṣúgà wà, ṣé ọ̀fun gbóná, ṣé ó wúwo. Lẹ́yìn tí ẹ bá tu ú, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí adùn rẹ̀ yóò fi pòórá. Mo fẹ́ràn kíkà yìí ju gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn lọ, nítorí wáìnì tí adùn rẹ̀ parí kí ẹ tó ka márùn-ún àti èyí tó ṣì wà nígbà tí ẹ ka ogún kì í ṣe ẹgbẹ́, iyekíye tí wọ́n ìbáà kọ sára wọn.

Ìgò tí a lè fi wé ara wọn

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ra Sauvignon Blanc láti Marlborough ní New Zealand, kí ẹ fi wé Chardonnay tó ti gbé inú agbá óákù: ọ̀kan kan, ó sì ń rùn bí ewé tútù, èkejì sì kún ẹnu. Ní ìgbà kejì, ẹ fi Beaujolais, pupa ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń fi èso Gamay ṣe, wé Malbec, pupa láti Mendoza ní Argẹntínà, tàbí Cabernet Sauvignon láti ibikíbi. Ìgbà kẹta ló máa ń ya ènìyàn lẹ́nu: ẹ fi Chablis, funfun láti ilẹ̀ Faransé, wé Chardonnay ilẹ̀ tó gbóná tó ti gbé inú agbá. Èso kan náà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Chablis tutù, púpọ̀ nínú wáìnì ibẹ̀ kì í sì í fojú kan agbá tuntun.

Ẹ máa ka bébà ara ìgò kí ẹ tó sanwó. Ìwúkàrà ló ń sọ ṣúgà inú èso di ọtí, nítorí náà bí Riesling kan bá ní agbára ọtí ìdá 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú ṣúgà rẹ̀ ṣẹ́ kù. Ìdá 14 sì ń sọ fún yín pé èso náà pọ́n gan-an, ó sì ṣeé ṣe kí wáìnì náà wúwo. Lára wáìnì tó ń hó gùdù, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kan tó ti tan ọ̀pọ̀lọpọ̀: Extra Dry dùn ju Brut lọ. Lábẹ́ òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣúgà inú Brut kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 12 nínú lítà kan, nígbà tí ti Extra Dry wà láàárín 12 sí 17.

Àwo ìdánwò

Ẹ má tíì se oúnjẹ. Ẹ mú àwo kan, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí igun kan, ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ gé sí òmíràn, oyin, ata gbígbẹ tí a lọ̀, wàràkàṣì líle kan, àti ẹran sísun tó ní ọ̀rá. Ẹ da Sauvignon Blanc sí ife kan, Cabernet Sauvignon sí èkejì. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí ẹ mu wáìnì, kí ẹ tọ́ ohun kan wò, kí ẹ sì tún mu wáìnì kan náà.

Ẹ fi ọsàn bẹ̀rẹ̀. Sauvignon Blanc tó ń ta ẹnu tẹ́lẹ̀ yóò di pẹ̀lẹ́, yóò tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Nígbà tí mo ṣe é fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé ife sókè, ó wò ó, ó ní mo ti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí òun ń lá ọsàn. Lẹ́yìn oyin, wáìnì méjèèjì yóò ṣàn, wọ́n á kan, pupa á sì korò. Lẹ́yìn iyọ̀, tánínì pupa á rọ̀, adùn èso rẹ̀ á sì yọ síta. Lẹ́yìn ata, pupa á di iná lẹ́nu, nítorí ọtí líle ń ru ooru ata sókè, tánínì sì ń ha ibi tí ata ti ta. Ní ti ẹran àti wàràkàṣì, iyọ̀, ọ̀rá àti purotéènì inú wọn yóò gba tánínì lọ́wọ́ itọ́ yín, Cabernet tó gbẹ ẹnu yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn á sì wá máa yọ̀ lọ.

Gbogbo òfin tí ẹ lè rí kà nípa wáìnì àti oúnjẹ ti wà lórí àwo yẹn. Kí wáìnì kan tó oúnjẹ, kó dùn tó oúnjẹ, kó má sì wúwo jù ú lọ débi tí oúnjẹ kò fi ní hàn mọ́.

Nígbà tí oúnjẹ gidi bá dé

Ọbẹ̀ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ẹran. Ẹ jẹ́ kí a fi adìẹ kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ewé olóòórùn sun ún, Sauvignon Blanc ni yóò bá a lọ, nítorí àwọn méjèèjì ló kan. Bí ẹ bá sè é nínú bọ́tà àti ọ̀rá wàrà, Chardonnay inú agbá ló kàn, kíkún bá kíkún. Bí ó bá wà nínú ọbẹ̀ tòmátò, ẹ wá pupa tó kan dáadáa, bíi Chianti láti Ítálì, tí èso Sangiovese ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Pupa tó rọ̀ tí kò kan yóò tẹ́ níwájú tòmátò. Bí ata bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ padà sórí Riesling onídùn díẹ̀ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, tàbí kí ẹ mu Beaujolais tí ẹ ti fi sínú fíríìjì díẹ̀. Bí ẹ bá sì fi oyin kun ún, àfi wáìnì tí ṣúgà wà nínú rẹ̀, bíi Vouvray, funfun ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n kọ demi-sec (onídùn díẹ̀) sí lára. Adìẹ náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ìgò márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó bá lọ.

Ìdajì òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tó ní funfun fún ẹja, pupa fún ẹran. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ kan ní Japan fi hàn pé irin tó wà nínú wáìnì ló ń mú kí adùn ẹja máa rùn lẹ́nu lẹ́yìn tí a bá ti mu ún, bí irin náà bá sì ṣe pọ̀ tó ni òórùn yẹn ṣe ń pọ̀ tó. Kì í ṣe gbogbo pupa ni irin pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò lè mọ̀ ọ́n láti ara bébà ìgò, nítorí náà funfun ni ọ̀nà tó dájú fún ẹja. Síbẹ̀ ẹja ọlọ́ràá tí ẹ yan lórí iná, tí ara rẹ̀ ti pọ́n, máa ń bá wáìnì pupa Pinot Noir tó tutù díẹ̀ lọ dáadáa. Fún ohunkóhun tí ẹ bá dín nínú òróró, Brut ni kí ẹ wá: kíkan àti híhó rẹ̀ ń fọ òróró kúrò lẹ́nu.

Olú, ẹyin sísè, ọbẹ̀ sóyà àti omi ẹran tó ti pẹ́ lórí iná máa ń mú kí tánínì le sí i, kí wáìnì pupa sì korò. Níbí ni mo ti ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n tún oúnjẹ ṣe dípò kí wọ́n ṣí ìgò mìíràn. Ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i ní ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì tún wáìnì náà tọ́ wò. Ó máa ń ṣiṣẹ́ débi pé mo ti ń gbé ọsàn tí a gé sórí tábìlì ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó jókòó.

Ohun dídùn lẹ́yìn oúnjẹ fẹ́ wáìnì tó dùn jù ú lọ, láìsí ìyọ́nú. Wàràkàṣì aláwọ̀ búlúù bíi Stilton, tó ní iyọ̀ púpọ̀, bá Port, wáìnì dídùn láti Pọ́túgà, mu nítorí pé iyọ̀ àti ṣúgà ń gbé ara wọn ga. Bí oúnjẹ tó wà lórí tábìlì bá pọ̀ ní oríṣiríṣi, ẹ má wá ìgò tí yóò bá gbogbo rẹ̀ mu tán. Brut, rosé (wáìnì aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́) tí kò dùn, tàbí pupa tí tánínì rẹ̀ kéré ni kì í bá oúnjẹ kankan jà. Ẹ máa ti èyí tó fúyẹ́ lọ sí èyí tó wúwo, láti ibi tí kò dùn lọ sí ibi tó dùn.

Ìgò tó ṣẹ́ kù

Ẹ dé ìgò padà, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì, ìbáà jẹ́ pupa tàbí funfun, nítorí òtútù ń fa ọwọ́ afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Funfun lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, pupa bíi ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tó ń hó gùdù fẹ́ ìdérí tirẹ̀ tó fún pinpin, ẹ sì tètè mu ún. Ẹ tọ́ ìyókù wò lójoojúmọ́, mìlílítà 50 péré, kí ẹ kọ ohun tó yí padà sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹ kọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Pupa tí tánínì rẹ̀ le máa ń dùn sí i ní ọjọ́ kejì, èyí tó jẹ́ adùn èso nìkan sì máa ń rọ. Bí òórùn fínígà bá ti wọ̀ ọ́, ẹ má dà á sínú ọbẹ̀ kankan, nítorí ọbẹ̀ náà yóò gba òórùn ọ̀hún.